Báwo Ni Ẹja Òkun Ṣe Lè Gbé Inú Yàrá?

Bí ẹ bá dúró níwájú àpótí dígí tí ẹja òòrẹ̀ ń gbé, òun ni yóò kọ́kọ́ wá wò yín. Àwọn ẹja yòókù lè sá wọ abẹ́ òkúta. Òun á yọ jáde, á fi ẹnu kan dígí, á sì máa yí ẹyinjú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan: ọ̀kan ń ṣọ́ ọwọ́ yín, èkejì ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Orí rẹ̀ gbórín, ara rẹ̀ rí rọ̀bọ̀tọ̀, lẹbẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ń gbọ̀n bí abẹ̀bẹ̀. Ẹ̀gún gígùn-gígùn sùn lé e lára láti iwájú orí dé ìdí ìrù, bí irun tí a fi òòyà yà sẹ́yìn. Tí ẹ̀rù bá bà á, á gbé omi mì, á wú, gbogbo ẹ̀gún yẹn á sì dìde dúró. Òòrẹ̀ inú igbó ló fi jọ, ìdí nìyẹn tí mo fi sọ ọ́ ní ẹja òòrẹ̀.

Orúkọ tí àwọn onímọ̀ ẹja fún un ni Diodon holocanthus. Inú èdè Gíríìkì ni wọ́n ti mú Diodon, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni "eléyín méjì", nítorí pé gbogbo eyín òkè rẹ̀ lẹ̀ pọ̀ di ẹyọ kan, ti ìsàlẹ̀ náà sì di ẹyọ kan. Ó ní àwọn ìbátan kan tí ẹ̀gún wọn kò tó nǹkan, tí eyín tiwọn là sí méjì lókè àti méjì nísàlẹ̀. Àwọn wọ̀nyẹn ni "eléyín mẹ́rin". Bí ọ̀rọ̀ bá kan ìdílé méjèèjì pọ̀, ẹja awúkùn ni màá máa pè wọ́n. Òkun tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ kárí ayé ni ibùgbé ọ̀pọ̀ jù lọ wọn. Òkun tó kan Bàdágìrì, Kútọnu àti Lomé náà ní irú wọn nínú, àwọ̀n sì máa ń kó wọn mọ́ ẹja títà.

Èyí tí ẹ máa rí nínú ilé ìtajà ẹja lè má tóbi ju ọsàn kan lọ. Ẹ má jẹ́ kí ìyẹn tàn yín. Nínú àpótí dígí, ó lè gùn tó rúlà ọmọ ilé ìwé, ìyẹn 30 sẹ̀ǹtímítà. Nínú òkun, ó lè ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Ẹja tí òkun tó tẹ́ lọ salalu ń tọ́, kí ni a gbọ́dọ̀ ṣe sí omi inú àpótí kan kó tó lè gba ẹ̀mí rẹ̀ dúró? Ìbéèrè tí ọ̀rọ̀ yìí fẹ́ dáhùn nìyẹn. Ohun tí ó sì dá mi lójú ni pé ọ̀pọ̀ ẹni tí ẹja yìí kú mọ́ lọ́wọ́ rò pé ẹja làwọn ń sìn. Omi ni wọ́n ń sìn, wọn kò mọ̀ ni.

Òùngbẹ nínú omi

Ohun tí ẹni tó bá ń ṣe é fún ìgbà àkọ́kọ́ máa ń béèrè ni pé ṣé òun kò lè bu omi ẹ̀rọ kí òun da iyọ̀ ọbẹ̀ sí i. Kí ẹ tó lè rí ìdí tí ìyẹn kò fi ní ṣiṣẹ́, ẹ rántí ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ tí a bá la ẹja tútù, tí a bu iyọ̀ sí i kí a tó sá a sóòrùn. Kò ní pẹ́ tí omi á bẹ̀rẹ̀ sí í ro jáde lára rẹ̀. Kò sẹ́ni tó fún un. Omi máa ń gba inú awọ kọjá lọ síbi tí iyọ̀ ti pọ̀ jù, títí ìhà méjèèjì á fi súnmọ́ dọ́gba. Ẹ jẹ́ ká máa pe èyí ní ìfà iyọ̀.

Iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ ẹja òòrẹ̀ kò ju nǹkan bí ìdá mẹ́ta iyọ̀ inú òkun lọ. Nítorí náà, bó ṣe ń lúwẹ̀ẹ́ yìí, ìfà iyọ̀ ń fa omi kúrò lára rẹ̀ tọ̀sán tòru. Inú omi ló wà, òùngbẹ sì ń gbẹ ẹ́. Kí ló wá ń ṣe? Ó ń mu òkun. Ìfun rẹ̀ á fa omi náà sínú ẹ̀jẹ̀, iyọ̀ á sì bá a wọlé. Ibi tí ó ti ń lé iyọ̀ náà jáde ni ẹ̀yà ìmí rẹ̀, ìyẹn ohun pupa tó dà bí ìyẹ́ tí ẹ máa ń yọ lábẹ́ ìdérí etí ẹja tí ẹ bá ń tún un ṣe. Nínú rẹ̀, àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà tí iṣẹ́ wọn jẹ́ kíkó iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ dà padà sínú òkun. Kíndìnrín ẹja náà kì í fi omi ṣòfò. Ìtọ̀ tó ń tọ̀ kéré. Ti ẹja odò bí àrọ̀ jẹ́ òdìkejì gan-an: omi ló ń ya wọ ara rẹ̀, nítorí náà kì í mu omi tó bẹ́ẹ̀, ìtọ̀ ló ń tọ̀ ṣáá.

Iṣẹ́ kíkó iyọ̀ dànù yìí ń jẹ lára oúnjẹ tí ẹja ń jẹ lójoojúmọ́. Ara rẹ̀ ti wọn iṣẹ́ náà mọ́ ìwọ̀n iyọ̀ òkun, tí ó jẹ́ nǹkan bí 35 gíráàmù nínú lítà omi kan. Korobá oní-20 lítà, 700 gíráàmù. Bí iyọ̀ inú dígí bá ṣàdédé lọ sókè tàbí wá sílẹ̀, iṣẹ́ tí ara rẹ̀ ti mọ̀ ọ́n ṣe á yí padà lọ́sàn-án kan òru kan, àárẹ̀ á sì mú un kí ẹnikẹ́ni tó rí i.

Iyọ̀ ọbẹ̀ kò sì jẹ́ iyọ̀ òkun. Èròjà kan ṣoṣo ló fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo iyọ̀ ọbẹ̀. Ti òkun ní magnésíọ̀mù nínú, ó ní kálísíọ̀mù, ó ní potásíọ̀mù àti àwọn mìíràn tí ara ẹja àti ìkarahun ẹran òkun nílò. Ilé ìtajà ẹja ní iyọ̀ tí wọ́n pò pọ̀ fún iṣẹ́ yìí. Òun ni kí ẹ rà. Omi tí ẹ máa fi pò ó náà gbọ́dọ̀ mọ́ kúrò lọ́wọ́ oògùn klorín tí wọ́n fi ń pa kòkòrò inú omi ẹ̀rọ, nítorí pé klorín ń jó ẹ̀yà ìmí ẹja bí ata ṣe ń ta ojú.

Ohun kan wà tó ti dá wàhálà sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ èèyàn. Tí omi inú dígí bá fà díẹ̀díẹ̀, bí omi ìkòkò ìdáná ṣe máa ń fà, omi nìkan ló lọ, gbogbo iyọ̀ ló kù sílẹ̀. Bí ẹ bá wá fi omi oníyọ̀ rọ́pò rẹ̀, ńṣe ni ẹ ń bu iyọ̀ kún iyọ̀. Omi lásán tó mọ́ ni a fi ń dí ohun tó fà. Omi oníyọ̀ wà fún ọjọ́ tí ẹ bá fúnra yín bu omi àtijọ́ dànù.

Àwọn àgbẹ̀ tí ojú kò rí

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti jinlẹ̀ jù nìyí, ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ níbẹ̀.

Ẹ̀yà ìmí tí ẹja fi ń mí, tí ó fi ń lé iyọ̀ jáde, ni ó tún fi ń da ìdọ̀tí nù. Ẹja tàbí edé tí ó bá jẹ, ara á lo èyí tó wúlò nínú rẹ̀, èyí tó kù á di amóníà, èròjà tí òórùn rẹ̀ máa ń ta wá nímú nílé ìtọ̀ tí a kò fọ̀. Ọ̀pọ̀ jù lọ amóníà ẹja kì í gba ojú ara jáde, ẹ̀yà ìmí ló ń gbà. Nínú òkun, ó jáde báyìí, ìgbì ti gbé e lọ. Nínú àpótí dígí, kò síbi tó fẹ́ lọ. Inú rẹ̀ ni ẹja náà á sùn, á sì jí. Ó tún wá burú sí i torí pé amóníà ní ìrísí méjì. Ọ̀kan kì í fi bẹ́ẹ̀ wọ inú ẹ̀jẹ̀. Èkejì ń yọ́ gba awọ ẹ̀yà ìmí kọjá wẹ́rẹ́, ó ń ba awọ yẹn jẹ́, ó sì ń dààmú ọpọlọ. Bí omi bá ṣe jìnnà sí kíkan tó ni ìrísí tó burú yìí ń pọ̀ tó, omi òkun sì jìnnà sí kíkan ju ọ̀pọ̀ omi odò lọ. Amóníà táṣẹ́rẹ́ tí ẹja odò lè fara dà lè pa ẹja òkun.

Ta ni yóò wá kó ìdọ̀tí náà? Ẹ wo ìyá ológì. Tí ó bá sẹ́ ògì tán, eèrí ni ìdọ̀tí tirẹ̀. Eèrí yẹn ni oúnjẹ ewúrẹ́. Ìgbẹ́ ewúrẹ́ jẹ́ ìdọ̀tí nínú ọgbà, ó sì di ajílẹ̀ nínú oko. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni àwọn kòkòrò bakitéríà kan ṣe ń gbé inú omi àti inú ilẹ̀ tó jẹ́ pé amóníà ni oúnjẹ wọn. Wọ́n á jẹ ẹ́, wọ́n á sọ ọ́ di ohun tí à ń pè ní náítíráìtì. Ìyẹn náà ṣì léwu, nítorí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ lè gbé afẹ́fẹ́ dáadáa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iyọ̀ inú omi òkun ń dáàbò bo ẹja lọ́wọ́ rẹ̀ díẹ̀. Ọ̀wọ́ bakitéríà kejì á wá jẹ náítíráìtì, wọ́n á sọ ọ́ di náítíréètì, èyí tí ẹja lè fara dà dé ìwọ̀n kan. Ará Rọ́ṣíà kan tó ń jẹ́ Sergei Winogradsky ló ya àwọn kòkòrò wọ̀nyí sọ́tọ̀ nílùú Zurich ní nǹkan bí 1890, inú ilẹ̀ ló sì ti mú wọn. Iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe nínú dígí yín. Àgbẹ̀ ni wọ́n.

Àgbẹ̀ kì í sì í kórè lọ́jọ́ tó débi iṣẹ́. Àwọn bakitéríà yìí kì í yára pọ̀ bí àwọn tó ń mú ọbẹ̀ kan. Àpótí dígí tuntun tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ da omi sí mọ́ gbọ̀ọ́rọ́, ó wu ojú, kò sì sí àgbẹ̀ kankan nínú rẹ̀. Bí ẹja bá wọ inú rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, amóníà ara rẹ̀ ni yóò pa á láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, olówó á sì máa rò pé àìsàn ni. Ohun tó yẹ ní ṣíṣe ni pé kí ẹ kó òkúta òkun tó ní ihò wẹ́wẹ́ sínú dígí, nítorí ara nǹkan ni bakitéríà ń lẹ̀ mọ́, ihò wẹ́wẹ́ yẹn sì ni ilé wọn. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ máa ru omi, kí ẹ máa kán amóníà díẹ̀ sí i, kí ẹ má sì tíì fi ẹja kankan síbẹ̀. Ilé ìtajà ní oògùn àyẹ̀wò tí a ń kán sínú omi tí àwọ̀ rẹ̀ á yí. Ẹ ó rí i pé amóníà á kọ́kọ́ ga. Lẹ́yìn náà á bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀, náítíráìtì á ga. Tó bá yá, ìyẹn náà á wálẹ̀, náítíréètì nìkan á kù. Ó sábà máa ń gbà tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà. Lọ́jọ́ tí ẹ bá kán amóníà, tí ẹ padà wá wò ó ní ọjọ́ kejì tí ẹ kò bá amóníà tàbí náítíráìtì kankan, oko ti dúró.

Náítíréètì tó kù ńkọ́? Kò sí ọ̀wọ́ kẹta tó lágbára tó láti jẹ ẹ́ tán nínú àpótí bẹ́ẹ̀, nítorí náà ọwọ́ ẹni ló máa kó o. Ọ̀pọ̀ ẹni tó mọ iṣẹ́ yìí máa ń pààrọ̀ ìdá kan nínú mẹ́wàá omi náà, tàbí méjì nínú mẹ́wàá, lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Wọ́n sì máa ń fi ìfófó ràn án lọ́wọ́. Ẹ ti rí i tí ìgbì bá fọ́ sí etíkun, bí ìfófó funfun ṣe máa ń kó jọ sí orí iyanrìn. Ìdọ̀tí ọlọ́ràá àti omi ara ẹran fẹ́ràn láti lẹ̀ mọ́ ibi tí omi ti pàdé afẹ́fẹ́. Ẹ̀rọ kan wà tó ń tú afẹ́fẹ́ wẹ́wẹ́ sínú omi láti ìsàlẹ̀ ọ̀pá oníhò gígùn kan. Ìdọ̀tí á gun ara afẹ́fẹ́ náà bí èrò ṣe ń gun ọkọ̀, ìfófó á gòkè, á sì dà sínú ife kan lókè. Omi inú ife yẹn dúdú bíi tíì tí a kò fi mílíìkì sí, òórùn rẹ̀ kò sì ṣeé fẹnu sọ. Gbogbo rẹ̀ ni ì bá di amóníà. Ẹja tó ń jẹun wúruwùru bí ẹja òòrẹ̀ kò gbọ́dọ̀ wà láìsí ẹ̀rọ yìí.

Ìdí tí àpótí náà fi gbọ́dọ̀ tóbi nìyẹn pẹ̀lú. Àwọn tó ti sìn ín fún ìgbà pípẹ́ máa ń sọ pé kí omi tó nǹkan bí 500 lítà fún ẹyọ ẹja òòrẹ̀ kan tó ti dàgbà. Ẹ ṣírò rẹ̀ kí ẹ tó rà á: lítà omi kan jẹ́ kílò kan, iyọ̀ tún mú un wúwo sí i. Àpò símẹ́ńtì mẹ́wàá nìyẹn ń jókòó sójú kan nínú pálọ̀, kí a tó ka dígí àti òkúta. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì onípákó kò lè gbà á níbi gbogbo. Ẹni tí àyè rẹ̀ kò tó bẹ́ẹ̀ lè wo ọ̀kan nínú àwọn eléyín mẹ́rin kéékèèké, Canthigaster valentini, ẹja funfun tó ní ìlà dúdú mẹ́rin lẹ́yìn bí ìgbà tí a di gàárì lé e. Kì í gùn ju nǹkan bí 11 sẹ̀ǹtímítà lọ, omi tó lé díẹ̀ ní 100 lítà lè gbà á.

Ọ̀rọ̀ iná mànàmáná kò sì ṣeé fò. Àwọn àgbẹ̀ wa ń mí. Bí ẹ̀rọ bá dákẹ́ tí omi kò rìn mọ́, ẹja àti bakitéríà á bẹ̀rẹ̀ sí í jìjàdù ìwọ̀nba afẹ́fẹ́ tó kù nínú omi. Níbi tí iná ti ń lọ tó ń bọ̀, ẹ̀rọ kékeré tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú omi, tí bátìrì ń gbé ṣiṣẹ́, gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀ kí ẹja tó wọlé.

Eyín tí kì í sinmi dídàgbà

Ẹnu ẹja òòrẹ̀ dà bí àgógó odídẹrẹ́. Akàn, ìgbín òkun àti gbogbo ohun tó ní ìkarahun ni ó fi ń fọ́ jẹ. Bí ìkarahun ṣe ń ha eyín náà lẹ́nu ló ń hù láti inú wá, bí èékánná wa. Ètò tó dára ni, àmọ́ ó gba pé kí ìkarahun wà. Ẹja òòrẹ̀ tí à ń fún ní ẹran rírọ̀ lójoojúmọ́ á máa hu eyín tí nǹkan kan kò ha, eyín òkè àti ti ìsàlẹ̀ á gùn títí ẹnu kò fi ní lè la mọ́. Á máa wo oúnjẹ, kò ní lè jẹ ẹ́. Mo ka ìyẹn sí ìyà tó burú jù lọ tí a lè fi jẹ ẹja yìí, torí pé ọwọ́ wa ló wà pátápátá. Dókítà ẹranko lè kun ún lóorun nínú omi olóògùn kó sì gé eyín náà, ṣùgbọ́n ohun tó dára jù ni akàn kéékèèké, edé tí a kò bó àti ìgbín òkun tó ṣì wà nínú ìkarahun rẹ̀, ó kéré tán lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀.

Ọmọ ẹja òòrẹ̀ ń jẹun lójoojúmọ́. Àgbà lè jẹ lónìí kó sinmi lọ́la. Ojú rẹ̀ á máa bẹ̀ yín ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá kọjá, nítorí kì í pẹ́ tó fi ń dá ẹni tó ń fún un lóúnjẹ mọ̀. Ó tilẹ̀ lè tu omi jáde lókè láti fi pe ẹni náà. Ẹ má fi ojú àánú bọ́ ọ jù, gbogbo èyí tó bá jẹ ló ń padà di amóníà. Kí oúnjẹ rẹ̀ sì máa yàtọ̀ síra, torí pé àwọn ẹja àti ẹran òkun kan wà tí ohun inú ara wọn ń ba fítámì B1 jẹ́, ẹja tó bá ń jẹ irú kan yẹn ṣáá á ṣàìsàn nígbẹ̀yìn. Ìka ọwọ́ kò gbọ́dọ̀ súnmọ́ ẹnu yẹn. Ohun tó ń fọ́ ìkarahun akàn kò ní mọ ìyàtọ̀. Bákan náà ni akàn, edé tàbí ìgbín tí ẹ bá rò pé yóò máa bá a gbé inú dígí fún ẹwà: oúnjẹ ni.

Ìwúkùn

Ní 1832, nígbà tí ọkọ̀ òkun Beagle gúnlẹ̀ sí Bahia ní Brazil, Charles Darwin, onímọ̀ ẹ̀dá alààyè tó wà nínú rẹ̀, rí irú ẹja yìí kan tí wọ́n mú nítòsí etíkun. Ó kọ bí ó ṣe ń gbé omi àti afẹ́fẹ́ mì tó fi di róbótó, bí ó ṣe lè lúwẹ̀ẹ́ pẹ̀lú ikùn lókè, àti bí ohun pupa kan ṣe ń jáde lára awọ ikùn rẹ̀ tó pa bébà láró. Ó tún kọ ìtàn tí dókítà kan sọ fún un, pé irú ẹja yìí ti wà láàyè rí nínú ikùn ekurá, apanijẹ inú òkun, pé ó tilẹ̀ ti fi eyín jẹ ara ekurá náà lu, tó sì gba ibẹ̀ jáde.

Báwo ló ṣe ń wú? Ikùn rẹ̀ ni. Àpòlúkù ẹja òòrẹ̀ kì í ṣiṣẹ́ jíjẹ oúnjẹ dà mọ́. Ìfun ló gba iṣẹ́ yẹn. Àpòlúkù náà wà ní kíká bí ìró tí a ká sínú àpótí, ìṣẹ́po lórí ìṣẹ́po. Bí ẹ̀rù bá dé, ẹnu á máa fa omi, á máa tì í sẹ́yìn bí ẹni ń fẹ́ táyà kẹ̀kẹ́, ohun kan nínú ẹnu á sì dí i kó má padà. Àwọn ìṣẹ́po á tú. Egungun ìhà kò sí lára rẹ̀ tí ì bá dí ikùn lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò ní egungun ìbàdí tí ẹja mìíràn ní. Awọ rẹ̀ náà á kọ́kọ́ nà wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, nígbà tó bá dé ìwọ̀n kan á le gan-an. Ìpẹ́ tó ti di ẹ̀gún lára rẹ̀ ní gbòǹgbò nínú awọ yẹn. Bí awọ ṣe ń nà ló ń fa gbòǹgbò náà, ẹ̀gún á sì nàró.

Tẹ́lẹ̀, àwọn èèyàn rò pé ẹja awúkùn máa ń sé èémí tí ó bá wú. Ní 2014, àwọn onímọ̀ ní Ọsirélíà gbé Canthigaster valentini sínú ohun tó ń wọn afẹ́fẹ́ tí ẹja ń lò. Ẹja náà kò sé èémí rárá. Ẹ̀yà ìmí rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ kárakára, afẹ́fẹ́ tó ń lò sì di ìlọ́po márùn-ún ti ìgbà tó wà ní ìsinmi. Lẹ́yìn tí ó tú omi náà jáde, ó gbà á ju wákàtí márùn-ún lọ kí ara rẹ̀ tó padà bọ̀ sípò.

Nítorí náà, tí àlejò bá wọlé, tó ní kí ẹ jẹ́ kó wú kí òun rí i, ẹ sọ fún un pé rárá. Ẹ má fi àwọ̀n gbé e jáde kúrò nínú omi pẹ̀lú. Níta, afẹ́fẹ́ ni yóò gbé mì dípò omi, omi sì rọrùn fún un láti tú jáde ju afẹ́fẹ́ lọ. Ẹja tí afẹ́fẹ́ há sí nínú á máa léfòó, ikùn lókè, kò ní lè wọlẹ̀ lọ jẹun. Bí ó bá ṣẹlẹ̀, a máa ń dì í mú pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ lábẹ́ omi, kí ẹnu rẹ̀ kọjú sókè, kí afẹ́fẹ́ lè rí ọ̀nà jáde. Ẹni tó bá fẹ́ gbé e láti ibì kan sí ibòmíràn, kí ó lo abọ́, kí ó gbé e tomi tomi.

Májèlé ńkọ́? Ní 1774, ní erékùṣù New Caledonia, Captain Cook, ọ̀gá ọkọ̀ òkun ará Gẹ̀ẹ́sì, àti àwọn méjì kan nínú ọkọ̀ rẹ̀ tọ́ ẹ̀dọ̀ ẹja awúkùn kan wò. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ wọn ti kú tipiri, Cook kò sì lè fi ọwọ́ mọ ìyàtọ̀ ohun tó wúwo àti ohun tó fúyẹ́. Ẹlẹ́dẹ̀ tó jẹ ìfun ẹja náà kú. Tetrodotoxin ni májèlé náà. Iṣan ara wa ń fi iṣẹ́ ránṣẹ́ nípa ṣíṣí àwọn ilẹ̀kùn tíńtìntín tí èròjà inú iyọ̀ ń gbà wọlé. Májèlé yìí á dí ilẹ̀kùn náà bí èdídí ṣe ń dí ìgò, iṣẹ́ kò ní dé ọ̀dọ̀ iṣan tó ń mú wa mí. Kò sí oògùn apa-májèlé rẹ̀. Ilẹ̀kùn tara ẹja fúnra rẹ̀ yàtọ̀ díẹ̀, èdídí kò wọ̀ ọ́. Bakitéríà ló ń ṣe májèlé náà, inú oúnjẹ sì ni ẹja ti ń kó o jọ, nítorí náà ẹja awúkùn tí wọ́n fi oúnjẹ tí kò ní májèlé tọ́ dàgbà lè má ní in rárá. Àwọn eléyín mẹ́rin ni a mọ̀ mọ́ ọn jù. Síbẹ̀, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ jẹ ọ̀kankan nínú wọn, ì báà jẹ́ láti inú òkun tàbí láti inú dígí.

Ó ku ọ̀rọ̀ àìsàn. Ẹja òkun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé lè gbé kòkòrò kan tó ń jẹ́ Cryptocaryon irritans wọlé, èyí tó ń yọ sí i lára bí ìyẹ̀fun iyọ̀. Kòkòrò náà á jẹ lára ẹja fún ọjọ́ díẹ̀, á já bọ́ sílẹ̀, á di kóró, kóró yẹn á sì tú ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọmọ jáde. Kọ́pà ni oògùn rẹ̀ tó wọ́pọ̀, ṣùgbọ́n ẹja awúkùn kò ní ìpẹ́ tí ẹja mìíràn fi ń bo ara, àwọn tó mọ̀ ọ́n sìn sì máa ń ṣọ́ra gidigidi kí wọ́n tó lò ó fún un. Ó sàn kí ẹja tuntun gbé inú àpótí mìíràn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ó kéré tán, kó tó bá àwọn tó ti wà nílé pàdé.

Òru ni ẹja òòrẹ̀ ń jẹ̀ nínú òkun, ojú ńlá yẹn kò wà lásán. Ẹ jẹ́ kí ihò kan wà tó lè wọ̀ lọ́sàn-án, kí iná orí dígí má sì mú ní gbogbo ìgbà. Bí omi bá dúró déédéé, tí ìkarahun kò sì wọ́n, ó lè lò ju ọdún mẹ́wàá lọ. Ọmọ yín tó ń fi ìka tẹ dígí láti orí àga lónìí á ti wọ ilé ẹ̀kọ́ gíga, ẹja náà á ṣì máa jáde wá ní ìrọ̀lẹ́ láti wo ẹni tó ń bọ̀ pẹ̀lú abọ́ akàn.